Ẹkún tí Band of Brothers ń fà: ọgbọ́n eré ni, àbí òótọ́ ọ̀rọ̀?

Àjàní Òǹwòran: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ Band of Brothers ni mo gbé wá, eré alápá mẹ́wàá tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn HBO bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, lórí àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Easy Company, àwọn tó ń fi páráṣúùtù já bọ́ sójú ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò sẹ́ni tó wò ó tí kò ní sọ pé òun sunkún. Ibi tí kálukú ti sunkún ni kò bára mu. Ọ̀pọ̀ ní ibi tí Joe Toye àti Bill Guarnere ti pàdánù ẹsẹ̀ ọ̀tún nínú igbó Bastogne, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ni. Èmi ò gbà. Ìpayà ni ìyẹn, ojú á fẹ́ sá fún un. Ìparí apá keje ni omijé wà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Rachamps. Àwọn ọmọbìnrin ń kọrin, àwọn sójà jókòó pẹ̀lú ìdọ̀tí lára, wọn ò sọ̀rọ̀. Lipton, sájẹ́ǹtì wọn, wá ń ka iye wọn: 121 ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ Bẹ́ljíọ̀mù, 24 ló wá kún wọn, 145 lápapọ̀, 63 ló ń jáde lọ. Àwọn tó ti kú, tí a rí i pé wọ́n jókòó láàárín wọn, ń pòórá lórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ìṣirò yẹn ló ń pani lẹ́kún.

Kẹ́mi Kámẹ́rà: Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ fo ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìran ihò àwọn sójà méjì, Muck àti Penkala, ò bá ṣáájú, ṣọ́ọ̀ṣì ò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Ẹ rántí bó ṣe lọ. Àgbá àwọn Jámánì ń bú, Luz, sójà ẹlẹgbẹ́ wọn, ń rákò lórí yìnyín, Muck àti Penkala ń pè é kíkankíkan pé kó sáré wọ ihò àwọn. Ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀ ni ọta àgbá bọ́ sínú ihò yẹn gan-an. Wọn ò fi òkú hàn wá, nítorí kò sí òkú tó kù láti fi hàn. Luz yí padà, ó wọ ihò Lipton. Ọta mìíràn tún bọ́ síwájú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí kò bú. Ni Lipton bá ń mu sìgá. Luz ní ṣebí kì í mu sìgá, ó fèsì pé òun kì í mu.

Bẹ́ẹ̀, inú họ́ńgà bàálù ní Hatfield, ní ìlú Ọba, ni wọ́n ti ṣe igbó yẹn. Bébà ni ọ̀pọ̀ nínú yìnyín tí ẹ ń rí. Otútù kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lára wa, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni: ta ló pe ta, ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, èwo ló bú, èwo ni kò bú.

Tóbi: Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ò yé mi. Kí ló dé tí wọn ò kàn dojú bolẹ̀ títí àgbá á fi dákẹ́?

Adigun: Igi ni, Tóbi. Ọta àgbá tó bá kan orí igi nínú igbó yẹn á bú lókè, kò ní dé ilẹ̀ rárá. Irin àti èrúnrún igi á wá rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Ẹni tó dojú bolẹ̀ ti tẹ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ihò lásán pàápàá kò tó. Wọ́n ní láti to ìtì igi lé e lórí, kí wọ́n kó erùpẹ̀ bò ó, kí ojú ibi tí wọ́n á máa gbà wọlé ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò bá rí ihò wọ̀, kó rọ̀ mọ́ ìdí igi kó dúró ṣánṣán ló sàn fún un, torí ara rẹ̀ tó máa hàn sókè á kéré. Gbangba ni àgbá ká Toye mọ́. Guarnere jáde lọ fà á, òmíràn bá bá àwọn méjèèjì. Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1945 ni. Tí o bá ti mọ ọ̀rọ̀ igi yìí, ìgbà tí Guarnere bá kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ jáde nínú ihò ni àyà rẹ á ti já, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀jẹ̀ kankan.

Nọ́ọ̀sì Abẹ̀bí: Ohun tí Adigun sọ yìí ló wà lọ́kàn mi. Ẹ padà sí apá karùn-ún. Sójà tó ń ṣọ́nà ṣèèṣì yìnbọn lu ọ̀gá wọn, Moose Heyliger. Winters àti Welsh, àwọn ọ̀gá mìíràn, gún un ní morphine, oògùn apàrora. Nígbà tí Roe tó ń tọ́jú ọgbẹ́ dé, ìbéèrè rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ mélòó ni wọ́n fún un. Wọn ò dá a lójú. Méjì ni, àbí mẹ́ta. Ọmọ abẹ́ wọn wá jágbe mọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Àwọn òǹwòran máa ń rò pé ìbínú lásán ni. Rárá o.

Morphine ìgbà náà wà nínú túùbù kékeré bíi ti ọṣẹ ìfọyín, tí abẹ́rẹ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìdajì gíréènì ló ń bẹ nínú ọ̀kan, bíi mílígíráàmù 32, kì í ṣe oògùn kékeré. Wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á ti wáyà tó wà nínú abẹ́rẹ́ wọlé kó lu èdìdì, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gún un sábẹ́ awọ, wọ́n á sì fún túùbù láti ìdí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi òfìfo túùbù há kọ́là aṣọ ẹni náà, kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ wọn lè mọ iye tó ti wọlé. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: ara tó tutù, tí ẹ̀jẹ̀ ti dà nù lára rẹ̀, kì í rí ẹ̀jẹ̀ gbé dé abẹ́ awọ. Oògùn á jókòó síbẹ̀. Ìrora ò lọ, wọ́n á tún gún òmíràn. Tí wọ́n bá wá gbé e dé ibi tó móoru, tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà, gbogbo rẹ̀ á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, èémí á dúró. Ohun tó wà lójú Roe nìyẹn.

Ní apá kẹfà, ó ti di atọrọ láti ihò dé ihò: sísọ́ọ̀sì, báńdéèjì, morphine, ohunkóhun. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù wó ṣọ́ọ̀ṣì tí nọ́ọ̀sì Renée ti ń ṣiṣẹ́, ó rí gèlè búlúù rẹ̀ nínú àwókù, ó mú un lọ. Nígbà tí ọwọ́ sójà kan, Heffron, gé, tí kò sí báńdéèjì, Roe mú gèlè yẹn jáde. Ó dúró díẹ̀. Ó ya á, ó fi di ọwọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, aṣọ sì nìyí, kò sí bí ohun ìrántí ṣe lè ṣáájú. Èmi ò rí ìran mìíràn nínú eré ogun tó sọ iṣẹ́ ìtọ́jú tó èyí.

Bàbá Àkọsílẹ̀: Mo kí yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Abẹ̀bí, o ṣe é ire. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń dùn mí. Renée Lemaire jẹ́ ènìyàn tó gbé ayé lóòótọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló sì kú sí. Ilé kan ní Bastogne ni, tí ikọ̀ 20th Armored Infantry Battalion fi ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1944. Nọ́ọ̀sì dúdú tí eré fi hàn wá fìrí, tí wọ́n pè ní Anna, Augusta Chiwy ni orúkọ rẹ̀. Bùrúńdì ni wọ́n bí i sí ní 1921, ará Bẹ́ljíọ̀mù ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, agbára bọ́ǹbù gbé e gba ara ògiri kọjá. Ó dìde, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. 2011 ni Bẹ́ljíọ̀mù àti Amẹ́ríkà tó dá a lọ́lá, ọdún 67 lẹ́yìn náà. Ó ṣì wà láyé nígbà tí eré yìí jáde, ó sì gbé títí di 2015. Ẹ ń sunkún lórí gèlè. Ẹni tó wà láàyè ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ti Albert Blithe tún burú jù. Apá kẹta fi í hàn bí ọmọ tí ẹ̀rù fọ́ lójú fún ìgbà díẹ̀ ní Carentan. Ní ìparí, wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn pé ọgbẹ́ rẹ̀ kò san, pé ó kú ní 1948. Irọ́ ni. Blithe padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó jagun ní Kòríà, 1967 ló tó kú. Gbogbo àánú tí àwọn ènìyàn ti ṣe é nítorí ìlà kan yẹn, orí sàréè tí kò sí ni wọ́n ti ṣe é.

Àjàní Òǹwòran: Bàbá, mo gba ti Blithe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ní ká fi ìwọ̀n yẹn wọn gbogbo rẹ̀, kí la ó ṣe sí Dike, ọ̀gá Easy Company ìgbà náà? Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1945, wọ́n ń kọlu abúlé Foy, Dike jókòó sẹ́yìn òkìtì koríko, ẹnu rẹ̀ ò ya àṣẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ ń kú ní gbangba. Winters rán ọ̀gá mìíràn, Speirs, lọ gba ipò rẹ̀. Speirs sáré la àárín àwọn Jámánì já lọ bá ikọ̀ Amẹ́ríkà tó wà lódìkejì, ó tún sáré padà. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Tí Dike ò bá dì, eré sísá yẹn ò ní wọni lára.

Bàbá Àkọsílẹ̀: Àjàní, ibi tí eré ti ń ba iyì ènìyàn jẹ́ gan-an lo tẹ̀ sí yẹn. Clancy Lyall tó wà níbẹ̀ sọ pé òun rí i pé ìbọn ti bà Dike léjìká ọ̀tún. Bronze Star, àmì ẹ̀yẹ ológun, méjì ni wọ́n fún ọkùnrin yẹn. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ó fa sójà mẹ́ta tó gbọgbẹ́ kúrò níta gbangba lójú ọta ìbọn, ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1945. Wo déètì yẹn dáadáa. Ọjọ́ tí Toye àti Guarnere pàdánù ẹsẹ̀ ni.

Kẹ́mi Kámẹ́rà: Ẹ má bínú, Bàbá, ọ̀rọ̀ yín tọ́, mi ò sì ní jà fún ohun tí wọ́n kọ nípa Blithe. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe eré yìí mọ̀ pé òótọ́ ló ní agbára jù. Ẹ wo àwọn àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà náà gan-an ni, wọn ò sì kọ orúkọ ẹnì kankan sábẹ́ ojú rẹ̀ títí di ìparí apá kẹwàá. Wọ́n ṣe é báyìí kí a má baà mọ ẹni tó yè. Bí orúkọ Guarnere bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni àyà rẹ̀ á já nínú igbó? Nígbà tí orúkọ bá wá jáde níkẹyìn, gbogbo ojú tí ẹ ti ń wò láti ọjọ́ yìí á yí padà lójú yín. Ẹ ó rí i pé arúgbó tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n yẹn ni ọmọkùnrin inú ihò.

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ọ̀rọ̀ Chiwy tí Bàbá mú wá ló fà mí sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún lórí Roe, ẹ mọ̀ pé a ní irú rẹ̀? Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé, ọmọ ọdún 16 ló wọṣẹ́ ológun ní 1942. Òun náà ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú, ní 29 Casualty Clearing Station, ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, lábẹ́ ikọ̀ 81st West African Division. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Jàpáánì dábùú wọn ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló kù níbẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ká wọn mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ ló fi ń tà. Ilé padà gba Fadoyebo, 2012 ló kú. Mi ò bínú sí Easy Company. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ bíi ti Kẹ́mi ya oṣù mẹ́sàn-án yẹn, kí ẹni bíi Nọ́ọ̀sì Abẹ̀bí jókòó tì í kó sọ bí egungun ẹsẹ̀ ṣe ń so pọ̀ láìsí oògùn.

Tóbi: Apá kẹsàn-án ló mú mi bínú ní tèmi. Wọ́n rí àgọ́ tí wọ́n kó àwọn Júù sí ní Landsberg, wọ́n ti ń pín búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún àwọn ènìyàn tó ti di egungun, dókítà wá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n tún ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo ní irú ìkà wo nìyí?

Nọ́ọ̀sì Abẹ̀bí: Tóbi, ìkà kọ́. Ara tí ebi ti pa fún oṣù pípẹ́ ti jẹ iṣan ara rẹ̀. Tí oúnjẹ bá ya wọlé lójijì, pàápàá búrẹ́dì àti nǹkan dídùn, ínsúlínì á jáde púpọ̀, á ti phosphate, potassium àti magnesium inú ẹ̀jẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì. Ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ò ní tó ọkàn lò. Á máa lù ségesège, ó sì lè dúró, láàárín ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ nínú ikùn. Bí a ṣe ń ṣe é lónìí ni pé fítámì B1 ló ń ṣáájú oúnjẹ. Ẹni tó bá wúwo tó kìlógíráàmù 40 kò ní gbà ju kálórì 400 lọ lójúmọ́ níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá burú jù á gba 200. A ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n á tú káàkiri ìlú lọ wá oúnjẹ, wọ́n á jẹun kú. Liebgott, ọ̀kan nínú àwọn sójà Easy Company, mọ̀ pé oúnjẹ lè pa wọ́n nígbà tó gòkè lọ fi èdè Jámánì sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wọlé. Lẹ́yìn náà ló jókòó tó ń sunkún.

Àjàní Òǹwòran: Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọ̀rọ̀ lórí èyí náà. Ṣé ẹ fẹ́ gba ẹkún yìí náà lọ́wọ́ mi?

Bàbá Àkọsílẹ̀: Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ikọ̀ 12th Armored Division ló kọ́kọ́ dé àgọ́ yẹn, Kaufering nítòsí Landsberg, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1945. Ọjọ́ kejì ni 101st, ìyẹn ikọ̀ ńlá tí Easy Company wà lábẹ́ rẹ̀, dé. Liebgott tí eré pè ní Júù, ìdílé Kátólíìkì ló ti wá. Ṣùgbọ́n àgọ́ yẹn wà, Àjàní. Ebi yẹn pa wọ́n, àwọn mìíràn sì kú lẹ́yìn tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀. Èyí, mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Sunkún rẹ.