Ìjókòó kọ́ ló ń pín orílẹ̀-èdè

Níbikíbi tí apá kan orílẹ̀-èdè bá ti gbé ìbọn pé òun fẹ́ dá dúró, ẹ ó gbọ́ gbólóhùn kan: "Ọjọ́ tí ìjọba bá bá wọn jókòó ni ilẹ̀ ti pín." Olóṣèlú ń sọ ọ́, ọ̀gágun ń sọ ọ́, ẹni tó na ẹsẹ̀ sílé tó ń wo tẹlifíṣàn náà ń sọ ọ́. Ó dún bí ọ̀rọ̀ àgbà. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti jókòó lóòótọ́.

Indonesia ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí pé níbẹ̀, àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1999, wọ́n ní kí àwọn ará East Timor dìbò. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 78 tó ní àwọn kò bá Indonesia ṣe mọ́, wọ́n sì lọ. Ni gbogbo ojú bá yí sí Aceh, ní ìpẹ̀kun erékùṣù Sumatra, níbi tí ẹgbẹ́ GAM ti ń jà fún òmìnira láti ọdún 1976. Ta ló tún fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jókòó lẹ́yìn ohun tójú rí ní East Timor?

Wọ́n jókòó ná, ó kùnà. Àdéhùn ìdáwọ́ ìjà dúró tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2002 kò pé oṣù mẹ́fà tó fi fọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, ìjọba kéde òfin ológun lórí Aceh, sójà sì ya bo ibẹ̀. Àwọn tó kórìíra ìjókòó ní ṣé àwọn ò ti sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí di ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, tí ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun, tí omi dìde tó gbá ìlú lọ. Ní Aceh nìkan, àwọn tó kú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 160,000.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé omi yẹn ló parí ìjà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Omi kan náà ló kọ lu Sri Lanka, ogun tiwọn sì tún gbóná sí i lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àti pé kí omi tó dé rárá, Jusuf Kalla, igbákejì ààrẹ Indonesia, ti ń rán èèyàn lábẹ́lẹ̀ lọ wá ojú àwọn aṣíwájú GAM. Omi mú kí ẹsẹ̀ yá, ọ̀nà ti wà nílẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2005, wọ́n pàdé ní Helsinki. Martti Ahtisaari, tó ti ṣe ààrẹ Finland rí, ló jókòó sáàárín wọn. Òfin kan ló fi lélẹ̀: bí ohun gbogbo kò bá tíì yanjú, kò sí ohun kan tó yanjú. Òfin kékeré ni, àmọ́ òun gan-an ló tú ẹnu wọn. Ẹni tó bá yọ̀ǹda nǹkan lónìí mọ̀ pé bí ìyókù kò bá bọ́ sí i, ohun tóun yọ̀ǹda kò lè di okùn sóun lọ́rùn lọ́la. Ní ìpàdé kejì, GAM sọ ohun tí kò sẹ́ni tó rò pé ó lè ti ẹnu wọn jáde: àwọn ṣetán láti sọ̀rọ̀ lórí kí Aceh máa ṣàkóso ara rẹ̀ lábẹ́ Indonesia. Òmìnira tí wọ́n ti ń kú lé lórí láti ọdún 28 sẹ́yìn ni wọ́n gbé sílẹ̀ yẹn, lórí àga, nínú ìlú tí yìnyín bò.

Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Aceh yóò máa mú 70 nínú 100 owó epo, gáàsì àti àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì rẹ̀. Wọ́n lè dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀, ohun tí òfin Indonesia kò fàyè gbà nígbà náà. GAM yóò kó ohun ìjà 840 sílẹ̀, yóò tú ọmọ ogun 3,000 ká. Ìjọba yóò sì kó àwọn sójà àti ọlọ́pàá tó kó wá láti ibòmíràn kúrò. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá. Bí ìbọn kan ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ GAM ni sójà ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé. Àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ASEAN, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, rán wá ló ń kà á, kí ẹnikẹ́ni má baà yan ẹnìkejì jẹ.

Irwandi Yusuf, ọmọ GAM, wà lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ tí omi dé. Ó ráyè sá jáde nígbà tí omi ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ó wọlé ìbò, ó di gómìnà Aceh. Gómìnà kan lára àwọn gómìnà Indonesia! Kì í ṣe pé gbogbo ìlérí ló ṣẹ: ìgbìmọ̀ tí wọ́n ní yóò gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ogun ṣe lọ́ṣẹ́, ọdún 2016 ni wọ́n tó fi èèyàn sí i. Ṣùgbọ́n Aceh kò lọ síbì kankan.

Ẹni tó mọ ìtàn á ti fẹ́ já mi lẹ́nu: Sudan ńkọ́? Ìjọba Khartoum bá SPLM, ẹgbẹ́ àwọn ajàjàgbara gúúsù, jókòó, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2005, àdéhùn yẹn fún àwọn ará gúúsù láyè láti dìbò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ó lé ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní àwọn ń lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù Keje, wọ́n ti di orílẹ̀-èdè. Ṣé ìjókòó kọ́ ló pín in?

Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n ti jókòó rí. Lọ́dún 1972, ní Addis Ababa, ìjọba Jaafar Nimeiri àti àwọn ajàjàgbara gúúsù parí ogun ọdún 17. Gúúsù ní ìjọba agbègbè tirẹ̀ ní Juba. Ọdún mọ́kànlá ni ogun fi dáwọ́ dúró, Sudan sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ta ló fọ́ àdéhùn náà? Nimeiri tó fọwọ́ sí i ni. Wọ́n ti rí epo nílẹ̀ gúúsù. Lọ́dún 1983 ó gé gúúsù sí mẹ́ta, ó sì kéde òfin ṣàríà lórí gbogbo ilẹ̀. Ogun tún bẹ́. Ó gba ọdún 22, èèyàn bíi mílíọ̀nù méjì ló bá a lọ. John Garang tó ṣáájú SPLM, Sudan kan ṣoṣo tí wọ́n tún tò ló kọ́kọ́ ń pariwo rẹ̀, kì í ṣe ìyapa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa jókòó lẹ́ẹ̀kejì, èwo nínú àwọn ará gúúsù ló tún máa gba "ẹ dúró, a ó ṣe yín dáadáa" láìsí ìwé ìdìbò lọ́wọ́? Ìjókòó 1972 ló so Sudan pọ̀. Àdéhùn tí wọ́n ya ló já a.

Pakistan tiẹ̀ hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1971, Yahya Khan, ọ̀gágun tó ń ṣe ààrẹ Pakistan, àti Sheikh Mujibur Rahman, aṣíwájú ẹkùn ìlà-oòrùn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú ìdìbò, ń sọ̀rọ̀ ní Dhaka lórí iye agbára tí ẹkùn náà máa ní. Lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù náà, ìjọba pa ọ̀rọ̀ tì, sójà bọ́ sígboro. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, àwọn sójà yẹn túúbá ní Dhaka. Ẹkùn ìlà-oòrùn ti di Bangladesh. Kò tó oṣù mẹ́sàn-án.

Ọmọ ìyá èrò yìí kan tún wà, pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó ìbọn sílẹ̀ ná ká tó sọ̀rọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu létí, àmọ́ ìbọn yẹn nìkan ni ohun tí wọ́n ní tí ìjọba fi wá wò wọ́n. Ìjọba Bírítéènì bá IRA, ẹgbẹ́ tó ń fi ìbọn jà kí Northern Ireland lè kúrò lábẹ́ Bírítéènì, fa èyí tí tí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, John Major, olórí ìjọba Bírítéènì, sọ nílé aṣòfin pé bíbá wọn jókòó á rí òun lára. Oṣù yẹn kò parí tí ìwé ìròyìn fi tú u síta pé ìjọba rẹ̀ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. (Ìjọba tó ń búra nígboro pé òun ò jókòó, ẹ yẹ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ wò.) Nígbà tí wọ́n ní ìbọn gbọ́dọ̀ ṣáájú, IRA fọ́ àdéhùn ìdáwọ́ ìjà dúró, bọ́ǹbù dún ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejì ọdún 1996, èèyàn méjì kú. Wọ́n padà sídìí tábìlì, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1998. Ọdún 2005 ni ìbọn tó lọ tán. Northern Ireland ṣì wà lábẹ́ Bírítéènì, ìdìbò àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló sì lè yí i padà.

Mi ò ní purọ́ pé agbára kì í borí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, sójà Sri Lanka fọ́ LTTE, ẹgbẹ́ àwọn Tamil tó ń jà fún ìyapa, túútúú lẹ́yìn ogun ọdún 26. Ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn wá sọ pé ó ṣeé ṣe kí aráàlú tó kú nínú oṣù díẹ̀ tó gbẹ̀yìn tó 40,000. Ẹni tó bá ní ọ̀nà yẹn lòun fẹ́, kó máa ka iye yẹn mọ́ ọn.

Àwọn kan á tún ní ó dáa, bí ìjókòó bá wá já sí ìyapa lóòótọ́ ńkọ́? Bougainville, erékùṣù kan lábẹ́ Papua New Guinea, ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1988, wọ́n sì bá ìjọba Papua New Guinea ṣàdéhùn lọ́dún 2001: ẹ kọ́kọ́ máa ṣàkóso ara yín ná, ìdìbò á dé bó bá yá. Ó dé lọ́dún 2019, nǹkan bíi 98 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn fẹ́ òmìnira. Àdéhùn náà kò sọ pé èsì yẹn nìkan ti tó. Ilé aṣòfin Papua New Guinea ní Port Moresby ní tirẹ̀ láti sọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pààrọ̀ lẹ́tà, tí wọ́n ń ṣèpàdé, tí wọ́n ń bínú síra wọn lórí bó ṣe yẹ kí aṣòfin dìbò. Kò tíì sẹ́ni tó padà sínú igbó.