Ọwọ́ Méjèèjì fún Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun ọkọ̀ afẹ́ dé Bahamas, ẹ kú oríire o. Àwa tí a kò rí owó rẹ̀ san, ojú ń tì wá. Àná ni fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kan tún yọ lórí Facebook. Miami ló ti wọkọ̀, ó sọ̀ ní Nassau, olú ìlú Bahamas, ó tún wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Exuma, àwọn erékùṣù tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kó lè bá wọn lúwẹ̀ẹ́.

Ó kúnlẹ̀ nínú òkun. Imú oníhò méjì yọ lórí omi bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọwọ́ méjèèjì na kárọ́ọ̀tì sí i. Ọwọ́ méjèèjì! Ìyá mi kò fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, nítorí ọwọ́ kan ló fi ń fún un. Mo wo fọ́tò náà títí. Nínú àwọn méjèèjì, ẹlẹ́dẹ̀ lara rẹ̀ balẹ̀ jù: òun ló ń jẹun, òun sì ni wọn ò gba dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ tó yí ẹrẹ̀ tán, ẹni rere ló ń wá fara yí. Ti Exuma kì í wá ẹnikẹ́ni. Ẹni rere ló ń wọkọ̀ wá bá a.

Bàbá mi fi ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà ṣe ọ̀sìn. Bí ẹ̀gbọ́n mi yìí bá wá kí wa lọ́dún, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, á fìka di imú: "Àǹtí, ilé yín ń rùn." Kò fẹnu kan ìrẹsì ìyá mi rí. Mo ti dárí jì í. Irọ́ ni, mi ò tíì dárí jì í.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́: ní 2017, mélòó kan nínú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kú. Iyanrìn ni wọ́n bá níkùn wọn, torí orí iyanrìn ni àwọn onígbàfẹ́ ń da oúnjẹ sí. Ìwà òmùgọ̀ gbáà! Inú ọpọ́n ni bàbá mi ń bu èèrí sí fún tiwa.

Nassau yìí kan náà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lẹ́yìn òfin 1807 tó de òwò ẹrú lọ, ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Títí dòní ni wọ́n ń dá èsúsú níbẹ̀. "Asue" ni wọ́n ń pè é. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ta ló bá sọ̀rọ̀ nílùú náà. Ó ní kò sí àyè, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Ó ṣáà ní nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ fi imú tútù kan òun lọ́wọ́, bàbá mi ni òun rántí.