Àgbà Tó Bá Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Ní alẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá, mo wà ní ibi kan tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jiyàn kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan dárúkọ Nwankwo Kanu, ó sì yìn ín nítorí àwọn ọmọdé tí ó ń bá wá owó iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, tí kò tíì bọ́ aṣọ tó fi gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, pòṣé, ó ní, “Ọmọ ọlọ́mọ! Èmi ò lè fi òógùn mi tọ́jú ẹni tí mi ò mọ̀ rí.” Ọ̀rọ̀ ọmọdé kò dùn mí tó ẹ̀rín tí àwọn àgbàlagbà tó jókòó síbẹ̀ rín.

Àwọn baba wa ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. A mọ bí ó ti ń rí: nígbà tí àgbà bá fi máa fá ìdí àwo tán, àwọn ọmọ tí ìbá bá a gbé igbá ti yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kanu ní ohun tí ìbá dá jẹ, bí ó bá fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ó wà nínú ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó gba ife àgbáyé ní Japan ní 1993. Ní 1995 ó bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ajax gba ife ẹ̀yẹ tó ga jù ní Yúróòpù. Ní 1996, nínú ìdíje Olympics ti Atlanta, òun ni balógun ikọ̀ wa nígbà tí Brazil ti gbá góólù mẹ́ta sí ẹyọ kan wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti lọ sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́; òun ló gbá èyí tó sọ ọ́ di ọ̀mì, òun náà ló gbá ìkẹrin, a sì gba wúrà lọ́wọ́ Argentina lẹ́yìn rẹ̀. Inter Milan ti rà á nígbà náà. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti rí i pé ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn rẹ̀ lọ sí gbogbo ara, èyí tó yẹ kó máa tì kí ẹ̀jẹ̀ má baà sàn padà, kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1996. Àwọn kan ti ń wí pé bọ́ọ̀lù ti tán fún un, ṣùgbọ́n ó padà sórí pápá ní 1997, Arsenal rà á ní 1999, lóṣù kẹwàá ọdún yẹn ló sì gbá góólù mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọlé Chelsea, nígbà tí Arsenal ti fi méjì sẹ́yìn.

Adánilóró fagbára kọ́ni. Ní ọdún 2000, nígbà tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí àìsàn ọkàn ń bá jà, tí àwọn òbí wọn kò sì lágbára àtisanwó iṣẹ́ abẹ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni àjọ náà ti ràn lọ́wọ́, ó sì ti gbé wọn dé Ísírẹ́lì àti Íńdíà. Kò dúró di ìgbà tí eegun bá le kó tó bojú wẹ̀yìn.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé gbogbo ẹni tó ń fúnni ni mo ń yìn o. Ní Iléyá kan, agbábọ́ọ̀lù kan tí n kò ní dárúkọ wá pín ìrẹsì ní àdúgbò kan lápá Bẹẹrẹ. Mo ka ayàwòrán mẹ́fà. Ìyá àgbà kan ti gbé ìrẹsì tirẹ̀ dé etí títì kí wọ́n tó sáré pè é padà, wọ́n ní oòrùn bo ojú ọ̀gá nínú àwòrán tàkọ́kọ́. Ìyá padà, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì fún ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì tún un yà. Irú oúnjẹ yẹn kò yàtọ̀ sí àjẹìwẹ̀yìn; àwòrán ni wọ́n jẹ. Segun Odegbami tí gbogbo Ìbàdàn ń pè ní Mathematical nígbà ayé IICC Shooting Stars, tó gbá góólù méjì nínú mẹ́ta tí a fi na Àlgéríà nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1980, ilé-ìwé ló dá sílẹ̀ ní Wasinmi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àwọn ọmọ ti ń kàwé tí wọ́n sì ń kọ́ eré ìdárayá.

Ṣùgbọ́n kí ni tiwa, àwa tí a ń jókòó wòran? Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars nílùú yìí. Òun ló gbá góólù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 1994, tó di àwọ̀n mú tó ń sunkún, tí àwa náà ń sunkún nílé. Ìbàdàn yìí náà ló ń gbé ní òpin ayé rẹ̀, pẹ̀lú àìlera, títí tó fi kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́ta. A jẹ ayọ̀ rẹ̀ tán, a nu ẹnu, mélòó nínú wa ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ìgbà tó kú la tó rántí oríkì. Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ rẹ́rìn-ín ní Mọ́kọ́lá, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọmọ yẹn pé kí ó má wẹ̀yìn, ẹ̀yin kan náà ni ẹ óò sì tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lówó, tí ẹ óò máa pè é ní ahun.

Ìwọ ọmọkùnrin, o ní òógùn rẹ ni. Lọ bi kóòṣì rẹ léèrè láàárọ̀ ọ̀la, ọkùnrin tí ń tètè dé pápá ilé-ìwé yẹn ṣáájú gbogbo yín láti ṣa ìgò fífọ́ kúrò nílẹ̀, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín: bi í léèrè ẹni tó ra bọ́ọ̀lù tí ẹ ń gbá, kí o sì bi í léèrè ẹni tó ra bàtà òkìríkà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ.