C of O kì í ṣe ìwé àṣẹ láti sọ ilé gbígbé di hòtẹ́ẹ̀lì
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri orí WhatsApp pé ẹni tó bá ti gba C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, lè sọ ilé gbígbé di hòtẹ́ẹ̀lì, kò sẹ́ni tó lè bi í. Irọ́ ni, bó tilẹ̀ dùn-ún gbọ́ létí onílé. Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978, iṣẹ́ tí ìwé náà dárúkọ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ fún. Bí onílé bá fẹ́ yí iṣẹ́ náà padà, ó di kó lọ gbàṣẹ ní ọ́fíìsì ètò ìlú: wọ́n á wo ọ̀nà, gọ́tà, omi. Ní Òṣogbo, ó yẹ kí wọ́n ro ti Igbó Ọ̀ṣun pẹ̀lú, hẹ́kítà 75 tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá dà sí odò Ọ̀ṣun lápá òkè, inú igbó náà ló ń ṣàn gbà.