Wọ́ráńtì parí, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé tí wọ́ráńtì bá ti parí báyìí ni ẹ́ńjìnnì máa nọ́ọ̀kì? Àbúrò mi ra mọ́tò tuntun, wọ́ráńtì ẹ̀ jẹ́ ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì tó tà á fún un náà ló ti ń ṣe sáfíìsì, rìsíìtì wà nílẹ̀, wọ́ráńtì ò sì tíì parí tó ti ń pariwo fún wọn pé mọ́tò yìí ń mu ọ́ìlì, wọ́n ní kò séwu. Kò séwu kẹ̀! Ó ń ti Kútọ̀ lọ sí Aṣerò, iná ọ́ìlì pupa tàn, kó tó ráyè páàkì ẹ́ńjìnnì ti ń dún kò-kò-kò. Wọ́n tú u, bíárìn ti jẹ tán, irin ti ń ha irin. Kọ́ńpìnnì ní wọ́ráńtì ti kú. Ẹjọ́ tó rò nígbà tó ṣì wà láàyè ńkọ́? Owó tí wọ́n bù lé e, àfi kéèyàn talẹ̀! Mẹkáníìkì ní Láfẹ́ńwá ní kó lọ wá ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀, èyí tá ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Inú ń bí mi gidi. Mo ti ní kó kó gbogbo rìsíìtì ẹ̀ lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, òfin oníbàárà ti 2018 ṣì wà ńbẹ̀.