Èsì wa sí oníbàárà tí báàgì ọ̀tún já bọ́ lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà Iléṣà

Ẹ kú ewu o, ọ̀gá wa. Ọpẹ́ ni pé báàgì nìkan ló bá ilẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín kò ṣubú.

A ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, a sì ti wo fọ́tò mẹ́ta tí ẹ fi sí i fínnífínní. Ẹ ní báàgì ọ̀tún fò kúrò lára kárìà, irin ìgbẹ́rù tó wà lókè táyà ẹ̀yìn, nígbà tí ẹ gun bọ́ǹpù kan lọ́nà Òṣogbo sí Iléṣà. Ẹ ní gìgísẹ̀ yín ń gbá báàgì, pé ó ń dún gbàgà-gbàgà ní gbogbo ọ̀nà, pé omi òjò wọ inú rẹ̀, àti pé okùn rọ́bà tí ẹ fi dì í pàápàá kò dá a dúró. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Gbangba níbí la ó ti dáhùn, torí àwọn tó fẹ́ ra irú báàgì yìí yóò kà á, ohun tó sì ṣe yín lè ṣe ẹnikẹ́ni tó bá di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Okùn rọ́bà yẹn gan-an la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú fọ́tò kejì, ẹ gba okùn náà kọjá lábẹ́ ọwọ́ báàgì, ẹ wá fà á le gba orí kárìà lọ sí òdìkejì. Ọwọ́ báàgì yìí ju ohun tí a fi ń gbé e lọ. Ó so mọ́ ahọ́n kékeré tó wà nínú ìkọ́ òkè méjèèjì. Tí ẹ bá fà á sókè, ahọ́n á ṣí, báàgì á sì ṣeé gbé kúrò lára kárìà. Tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ahọ́n á padà sí àyè rẹ̀, á ti ìkọ́ pa. Okùn rọ́bà tí ẹ gbà lábẹ́ rẹ̀ ti ń fà á sókè láti ìgbà tí ẹ ti kúrò nílé, nítorí náà ṣíṣí ni ìkọ́ wà, ìwúwo ẹrù nìkan ló sì jẹ́ kí báàgì jókòó sórí irin. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn gun bọ́ǹpù tí kẹ̀kẹ́ fò sókè, ìwúwo yẹn kò sí mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni báàgì ti jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí okùn kankan kan ọwọ́ báàgì mọ́. Rọ́bà táwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù wúlò fún ohun tí ẹ bá gbé sórí kárìà, bíi tẹ́ǹtì tàbí ẹní tí a ká. Irin kárìà ni kí ẹ so ó mọ́, kí ẹ sì rí i pé kò sí ìdí okùn tó ń jù fírífírí nítòsí sípóòkì, àwọn irin tín-ín-rín inú táyà. Báàgì ẹ̀gbẹ́ kò nílò rẹ̀. Bí ìkọ́ rẹ̀ bá bá kárìà mu, kò síbi tó ń lọ.

Èyí ló gbé wa dé orí ariwo, torí ibi kan náà ló ti wá. Ẹnu ìkọ́ òkè gba irin tó nípọn tó mílímítà 16, ṣùgbọ́n irin òkè ọ̀pọ̀ kárìà jẹ́ mílímítà 10. Bí irin 10 bá wà nínú ẹnu 16, àlàfo mílímítà 6 ló ṣẹ́ kù, báàgì á sì máa fò sókè, á máa já wálẹ̀ ní gbogbo kòtò tí ẹ bá wọ̀. Kì í ṣe etí nìkan ni ariwo náà ń yọ lẹ́nu. Iyanrìn pupa ojú ọ̀nà wa máa ń wọ àárín ìkọ́ àti irin, á wá máa fá alumíníọ̀mù bíi fáìlì, títí irin náà á fi tín-ín-rín lójú kan, tí á sì kán níbẹ̀.

Ohun tó ń dí àlàfo yẹn ni ike àfibọ̀. Ó wà nínú ọ̀rá kékeré tí a fi sínú àpò inú báàgì, pẹ̀lú nọ́ńbà lára rẹ̀: 8, 10 àti 12. Kò sí ọ̀kankan nínú ìkọ́ yín nínú fọ́tò. Kí ẹ tó yan èyí tí ẹ máa lò, ẹ wọn irin náà, ẹ má fojú bù ú. Bí kò bá sí káálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn, ẹ we òwú mọ́ irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sàmì síbi tí ìdí òwú ti bá orí rẹ̀ pàdé, ẹ tú u, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí òwú bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 25, irin yín jẹ́ 8. Bó bá lé díẹ̀ ní 31, ó jẹ́ 10. Bó bá sún mọ́ 38, ó jẹ́ 12. Bó bá tó 50, 16 ni, ẹ kò nílò ike kankan. Ìkọ́ méjèèjì orí báàgì kan ni ẹ máa ki ike bọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún kọ́, nítorí èyí tí kò bá wọlé tán máa ń já sọnù ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn kan máa ń gé túùbù àtijọ́, wọ́n á we é mọ́ irin kárìà kí ọ̀dà má baà bó. Kò burú, ṣùgbọ́n wíwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń fi nǹkan bíi mílímítà 2 kún irin náà, ike 10 kò ní gbà á mọ́, 12 ni yóò bọ́ sí. Ike tó bá irin mu láìwé nǹkan mọ́ ọn la fẹ́ràn jù, torí túùbù máa ń yí kúrò láàyè rẹ̀ bí ojú ọ̀nà bá ṣe ń gbo báàgì.

Ìkọ́ ìsàlẹ̀, ẹ kò lò ó rárá. Nínú fọ́tò kẹta, àárín ẹ̀yìn báàgì ló wà, kò sì sí irin kárìà tó kàn án. Ìkọ́ òkè ló ń gbé ẹrù, ti ìsàlẹ̀ ni kò jẹ́ kí báàgì fì. Bí báàgì bá fì síta ní kọ́nà, ó gbọ́dọ̀ padà wálé, sípóòkì ló sì máa bá. Ẹ gbé báàgì kọ́ sórí kárìà, ẹ wo ibi tí ọ̀pá kárìà tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí táyà wà, ẹ dẹ skrúù ìkọ́ náà, ẹ tì í lọ títí ẹnu rẹ̀ á fi bọ́ sẹ́yìn ọ̀pá yẹn, ẹ wá de skrúù náà padà. Láti ìgbà yẹn lọ, tí ẹ bá ń gbé báàgì sọ̀kalẹ̀ sórí kárìà, ìkọ́ ìsàlẹ̀ á wọ ẹ̀yìn ọ̀pá fúnra rẹ̀, tí ẹ bá sì gbé e sókè tààrà, á jáde. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ní láti máa fi agbára fà á, ìkọ́ náà wà níbi tí kò yẹ.

Ní ti gìgísẹ̀, ọ̀tún àti òsì ni ẹ pààrọ̀. Báàgì yìí ní igun ìsàlẹ̀ kan tí a gé lọ́nà ìdagun. Igun yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, síbi tí gìgísẹ̀ ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò yín, ẹ̀yìn ló kọjú sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ wọn, kí ẹnì kan bá yín di kẹ̀kẹ́ mú, ẹ jókòó sórí rẹ̀, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìka ọwọ́ méjì ló yẹ kó lè wọ àárín gìgísẹ̀ àti báàgì. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ dẹ skrúù ìkọ́ òkè méjèèjì kí ẹ sún wọn síwájú lára báàgì, báàgì á wá lọ sẹ́yìn. Ẹ má sún un ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ̀pọ̀ ẹrù bá kọjá sẹ́yìn ìdí táyà ẹ̀yìn, iwájú kẹ̀kẹ́ á fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n.

Ẹ̀yin tí kẹ̀kẹ́ yín jẹ́ tòkunbọ̀, pàápàá ti eré ìje, ẹ wọn láti àárín ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí dé àárín táyà ẹ̀yìn kí ẹ tó ra báàgì ńlá. Ti kẹ̀kẹ́ ìrìnàjò sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 44 sí 46. Ti eré ìje lè máà ju 41 lọ, bẹ́ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta yẹn gan-an ni gìgísẹ̀ nílò. Fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, báàgì kékeré la máa ń ní kí wọ́n rà.

Ẹ kò sọ nǹkan kan nípa kárìà fúnra rẹ̀, àmọ́ nínú fọ́tò kìíní, bóòtù ìsàlẹ̀ apá òsì ti ń yọ jáde. Èyí ló kó ìdààmú bá wa ju ohun tó ṣe báàgì lọ. Bóòtù M5 (tó nípọn tó mílímítà 5) mẹ́rin ló di kárìà mú, méjì nítòsí ìdí táyà, méjì lókè lábẹ́ àga. Àwọn tìsàlẹ̀ ló ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹrù, àwọn tòkè kàn ń dá kárìà dúró kó má dojú dé sẹ́yìn ni. Bí ọ̀kan nísàlẹ̀ bá tú, èkejì á máa dá gbé gbogbo rẹ̀, á sì kán. Ó sì sábà máa ń kán sínú ihò férémù, níbi tí yíyọ rẹ̀ ti máa ń jẹ́ iṣẹ́ ńlá.

Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ yẹn pẹ̀lú ẹrù kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ yọ bóòtù náà, ẹ nù ún, ẹ fi wọ́ṣà sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ kán gọ́ọ̀mù bóòtù aláwọ̀ búlúù ẹ̀kán kan sí i lára. Kọ́kọ́rọ́ Allen 4, èyí tó ní igun mẹ́fà, ni ẹ máa fi dè é. Ó yẹ kó le tó Newton-mítà 5 sí 6, ìyẹn kí ẹ fi ìka méjì fa ìdí apá gígùn kọ́kọ́rọ́ náà títí kò fi ní lọ mọ́. Ẹni tó bá fi gbogbo ara fà á lè ba ojú ihò férémù jẹ́. Ní apá ṣéènì, ẹ wò ó kí ṣónṣó ìdí bóòtù má yọ sínú, torí ṣéènì á máa fá a nígbà tó bá wà lórí jíà tó kéré jù. Lẹ́yìn kìlómítà 50 àkọ́kọ́, ẹ tún fi kọ́kọ́rọ́ kan gbogbo wọn, lẹ́yìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá máa ra kárìà tuntun fún ọ̀nà jíjìn, èyí tó jẹ́ irin gidi la máa gbà yín níyànjú, bó tilẹ̀ wúwo díẹ̀. Bó bá kán ní Ìkìrun tàbí ní Ẹdẹ, wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì lè jó o. Ti alumíníọ̀mù kò ṣeé jó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní píọ̀ wọ́tà àti irinṣẹ́ lẹ kó sí ọ̀tún, aṣọ lẹ kó sí òsì. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò, nítorí náà ọ̀rá mẹ́wàá nìkan ti tó kílò 5. Ẹ pín in sí ọ̀tún àti òsì, kí ìyàtọ̀ wọn má ju ìdajì kílò lọ. Òṣùwọ̀n oníkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ọkọ̀ òfuurufú tó fún èyí. Ohun tó wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, kó sún mọ́ táyà, aṣọ á wá wà lókè. Ẹ ka iye tí wọ́n kọ sára kárìà. 25 kílò ló wọ́pọ̀, báàgì fúnra wọn àti ohun tó bá wà lórí kárìà sì wà nínú iye yẹn. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ẹ fi orúnkún fún irin òkè férémù mọ́ra, ẹ rọra tẹ bíréèkì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lójijì.

Omi wọlé nítorí pé ẹ ká ẹnu báàgì lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kéré jù. Bí ẹrù kò bá jẹ́ kó ká tó bẹ́ẹ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ ki ìdí okùn ẹnu báàgì tó bá ṣẹ́ kù bọ inú ara rẹ̀, torí bí sípóòkì bá lọ́ ọ mọ́ra, táyà á dúró gbagidi.

Kí ẹ tó tún jáde, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ di ìsàlẹ̀ báàgì mú, ẹ tì í sókè láìfọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ gbéra. Ẹ fà á síta: kò gbọ́dọ̀ fì. Ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ jù ú sílẹ̀: ìró táyà nìkan ló yẹ kí ẹ gbọ́.

Ẹ mú kẹ̀kẹ́ àti báàgì méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́bàá Ọjà Ọba. Bí ike àfibọ̀ bá ti sọnù, a ó fún yín ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì bá yín de kárìà náà láìgba kọ́bọ̀. Igun báàgì tó ha lórí títì, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, nítorí gọ́ọ̀mù túùbù kì í di irú aṣọ oníke yìí mú dáadáa. A ní gọ́ọ̀mù tirẹ̀ níbí. Bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ gun kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ wọ̀ wá, òun la ó fi wọn àyè gìgísẹ̀.