Geregu wà ní Kogí, kí ló dé tí òkùnkùn wà ní Kàbà?

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

"A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́." Òwe yìí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wa bí ọ̀rọ̀ iná bá ti délẹ̀, ì báà ṣe ní Kàbà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀. Ohun tó sì máa ń tẹ̀lé e kò yàtọ̀: Geregu, ibùdó tó ń mú iná jáde, wà ní ìpínlẹ̀ wa, wọ́n ń kó iná ibẹ̀ lọ sí Àbújá àti Èkó, àwa onílé ń tan àtùpà. Kí gómínà ṣáà pàṣẹ kí wọ́n já wáyà kan wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìbínú yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n àlàyé tí wọ́n gbé e lé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń pa wá lára, torí ó ń jẹ́ ká máa bèèrè ohun tí kò sẹ́ni tó lè fún wa, ká sì gbàgbé èyí tó wà ní àrọ́wọ́tó.

Ibùdó méjì ló wà ní Geregu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajaokuta. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ megawáàtì 414 nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, àtúnṣe ló sọ ọ́ di 435. Ti NIPP (ètò ìjọba fún kíkọ́ ibùdó iná) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 434. Ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gáàsì ni gbogbo wọn sì ń jẹ. Gáàsì ọ̀hún kì í jáde nílẹ̀ Kogí rárá. Láti Oben, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ló ti ń gba inú páìpù wá. Tí òwe etí odò bá jẹ́ òfin, àwọn ará Oben ni ì bá kọ́kọ́ gba iná Geregu kó tó kàn wá.

Iye tí wọ́n ń ra gáàsì náà kò sì mọ ìlú ẹnikẹ́ni. Àbújá ni wọ́n ti ń dá a, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kà á: dọ́là 2.42 fún mílíọ̀nù BTU kan (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru tó wà nínú gáàsì) ní 2024, 2.13 ní 2025. Irú ẹ̀rọ tó wà ní Geregu máa ń jẹ nǹkan bí BTU 10,000 kó tó mú yúnítì kan jáde, ìyẹn ni pé mílíọ̀nù kan ń fún wọn ní bíi yúnítì 100. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú dọ́là kan sí ₦1,500: ₦3,195 fún yúnítì 100, bíi ₦32 lórí yúnítì kan. Owó gáàsì nìkan nìyẹn o, a kò tíì ka owó ẹ̀rọ, owó wáyà ńlá, owó òpó àti owó òṣìṣẹ́. Bí náírà bá já, ₦32 yẹn á gòkè, ì báà jẹ́ ẹnu géètì Geregu lo kọ́ ilé rẹ sí.

Lẹ́yìn tí iná bá ti kúrò nínú ẹ̀rọ, ó di ti àjọ. A mọ bí àjọ ṣe ń rí: gbogbo yín dáwó jọ, ẹni tó kàn kó o, kò sì sẹ́ni tó ń wá náírà tí òun fúnra rẹ̀ dá nínú owó tí wọ́n kó fún un. Iná Geregu, ti Kainji, ti Shiroro àti ti àwọn tó kù, inú wáyà 330 kV kan náà ni wọ́n ń dà á sí. Àwọn tó ń darí rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Nígbà tí ìjọba ta àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní 2013, ìpín ni wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: AEDC, tó ń pín iná fún wa, gba 11.5 nínú 100, ti Benin gba 9. Ìpín AEDC yẹn ni Àbújá, Niger, Nasarawa àti Kogí jọ ń jẹ. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó ni ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bù. Bí grid, ìyẹn àkójọ wáyà ńlá yìí, bá sì ṣubú, bó ṣe ṣẹlẹ̀ léraléra ní 2024, ẹ̀rọ Geregu náà á já kúrò lórí wáyà pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ "kí wọ́n já wáyà kan". Ẹni tó bá ń gba Lọ́kọ́jà lọ sí Àbújá á rí àwọn òpó irin gàgàrà tó ti Ajaokuta wá, tó sì lọ títí dé Gwagwalada. 330 kV ló wà lórí wọn, ìyẹn 330,000 fólítì. Kò sí transfọ́mà ìgboro kankan tí wọ́n lè so mọ́ ọn. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ibùdó ńlá kó di 132 kV, kó tún di 33 kV, kí fídà wá gbé e. Fídà ni laini kan ṣoṣo tó ti ibùdó jáde lọ sí agbègbè. Ìlú kan lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí 11 kV, ìlú mìíràn á so transfọ́mà mọ́ 33 kV tààrà, kó tó di 230 fólítì tó ń wọ ilé wa. Oko tí wáyà gba orí rẹ̀ kọjá kò súnmọ́ iná ju oko tó wà ní kìlómítà 50 sí i lọ.

Ká tilẹ̀ ní gómínà gbà, tí ó sì fa 33 kV tààrà láti Geregu wá sí Kàbà. Bí wọ́n bá ta okùn láàárín méjèèjì láìyà síbì kankan, ó lé ní kìlómítà 70. Ẹ̀gbẹ̀ jìn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ fi wáyà alumíníọ́mù 150 mm² ṣe é, kí ẹ sì bu megawáàtì 5 péré sí i: bíi amp 97 ni yóò máa sáré nínú rẹ̀. Kó tó dé Kàbà, 33 kV yẹn á ti di nǹkan bíi 29. Bí ẹ bá bu megawáàtì 10 sí i, á di bíi 25. Ẹni tó yẹ kó rí 230 nílé rẹ̀ á rí nǹkan bíi 175. Káréǹtì ò gbé. Ohun tí ẹ ń sá fún gan-an ni ẹ lọ fi owó rà yẹn.

Ibo wá ni òkùnkùn ti ń wá? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú ètò tí wọ́n ń fi dá owó iná.

Ní Oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọjà iná, gbé owó Band A, ìpele àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù, láti ₦68 sí ₦225 lórí yúnítì kan. Ó já wá sí ₦206.80 ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì di ₦209.50 ní Oṣù Keje. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún Band A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, 4 fún E. Owó àwọn tó kù kò kúrò níbi tó wà; fún ilé lásán, kò tó ₦70. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó ní megawáàtì kan láti pín fún wákàtí kan. Yúnítì 1,000 nìyẹn. Lórí fídà Band A, ₦209,500 ló dúró fún. Lórí fídà Band D, kò tó ₦70,000, ẹ sì tún yọ èyí tó sọnù lórí wáyà gígùn àti èyí tí àwọn kan so jẹ láìsanwó. Bákan náà, bí Band A bá pàdánù wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léra, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kéde ìdí rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Bó bá di ọjọ́ méje, wọ́n á já fídà náà sísàlẹ̀. Bí iná bá wá kéré lọ́jọ́ kan, ẹ ti mọ fídà tí wọ́n máa kọ́kọ́ pa.

Fídà ni wọ́n ń fún ní band, kì í ṣe ìlú, kì í ṣe ilé. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò méjì tó kọjú síra lè máa san owó tó yàtọ̀, tí ìkan ń rí iná tí ìkejì kò rí. Tọkọtaya olówó tó wà ní òpin fídà Band D kò lè dá nìkan ra wákàtí 20, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ san tó.

Àwọn kan á ní ó sàn káwọn máa lo jẹnẹrétọ̀ ju káwọn san ₦209 lọ. Ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ̀rọ kékeré 2.5 kVA bá gbé ẹrù tó tó o, lítà bẹntiróòlù kan á fún un ní nǹkan bíi yúnítì kan àbọ̀. Bí lítà bá jẹ́ ₦900, ₦600 ni yúnítì kan. Bí ó bá sì jẹ́ gílóòbù mẹ́ta àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ló gbé, lítà kan kò ní fún un ní ìdajì yúnítì, torí ẹ̀rọ náà ń jẹun láti yí ara rẹ̀ lásán. Yúnítì kan ti ju ₦1,800 lọ nìyẹn. Owó Band A ń dunni lóòótọ́. Àìrí iná ló wọ́n jù.

Àwọn tó ń fi iná ṣiṣẹ́ ní ìyà tiwọn lọ́tọ̀, pàápàá àwọn tó ń lọ gààrí. Mọ́tọ̀ 7.5 hp onífésì mẹ́ta máa ń fa bíi amp 11 tí iná bá pé 415 fólítì. Bí iná bá rọ̀ sí 340, iṣẹ́ kò dínkù, nítorí náà mọ́tọ̀ á fa bíi amp 13.5. Ooru inú wáyà rẹ̀ kì í gòkè ní ìwọ̀n kan náà o: á di ìlọ́po kan àbọ̀. Ohun èlò kékeré kan wà nínú àpótí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tọ̀, overload ni wọ́n ń pè é. Tí ó bá gbóná, á já iná. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé: ẹ̀rọ já lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, oníbàárà ń kùn, ọmọ iṣẹ́ bá fi sukudiráfà yí overload láti 12 sí 18. Kò já mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, òórùn fánísì á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, mọ́tọ̀ sì di ti ẹni tó ń wé kọ́ìlì. Overload kò ṣẹ̀ yín. Ẹ dá a padà sí iye tó wà lára mọ́tọ̀, kí ẹ sì dúró dìgbà tí iná bá gbé.

Ọ̀rọ̀ tó fara jọ ti Geregu ni ti transfọ́mà. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè máa ń dáwó ra ọ̀kan, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á sì bá a pé ti 11 kV ni wọ́n rà, nígbà tí laini tó wà nílùú jẹ́ 33 kV. Kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ ka àwo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì rà á láìkọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ tó ń pín iná kọ ìwé àdéhùn: ìlànà NERC ti 2015 fàyè gba kí wọ́n dá owó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àdéhùn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tó ti gbé transfọ́mà sórí òpó kó tó máa wá ìwé ti fi ṣe sàráà.

Kí wá ni gómínà lè ṣe? Ó ju ti àtijọ́ lọ. Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ní Oṣù Kẹta 2023 mú ìdènà kúrò lójú ọ̀nà àwọn ìpínlẹ̀, Òfin Iná ti ọdún kan náà sì to bí wọ́n ṣe máa ṣe é lẹ́sẹẹsẹ. Ní 2024, NERC pàṣẹ kí àbójútó ọjà iná Kogí bọ́ sọ́wọ́ àjọ ti ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ lè fún ẹlòmíràn láṣẹ kó mú iná jáde nítòsí Kàbà tàbí Ìsánlú, kó sì tì í wọ òpin laini. Èyí ló wúlò ju wáyà Geregu lọ, torí iná tó bá wọlé láti òpin á gbé fólítì òpin náà sókè. Ní ti sọ́là àdúgbò, ìlànà NERC ti gbà á láàyè tipẹ́: nínú ti 2023, èyí tí kò tó kílówáàtì 100 lè forúkọ sílẹ̀ lásán, láti ibẹ̀ dé megawáàtì kan ni wọ́n ń gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa kọ́ ọ, kí òun sì tà á fún yín ní ₦60, ó ń tàn yín jẹ. Owó Band D tí ẹ ń san ní 2024, ìjọba àpapọ̀ ló gba díẹ̀ níbẹ̀ rù. Kò sí ẹni tó máa gba ti sọ́là yẹn rù.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ bèèrè orúkọ fídà yín àti band rẹ̀. Ẹ kọ wákàtí tí iná dé àti èyí tó lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ 14, kí ẹ fi mítà oníbátìrì wo fólítì inú sókẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago méje alẹ́ àti aago mẹ́wàá alẹ́. Ilé méjì ni kí ẹ lò: èyí tó súnmọ́ transfọ́mà jù àti èyí tó wà ní òpó ìkẹyìn. Ẹ má fọwọ́ kan transfọ́mà fúnra rẹ̀. Bí ilé àkọ́kọ́ bá ń ka 225 tí ti ìkẹyìn ń ka 176, wáyà àdúgbò ni ẹjọ́ wà: wáyà 50 mm² tó gùn tó mítà 800, tí ẹrù amp 60 wà lórí fésì kan ṣoṣo, á jẹ fólítì tó lé ní 50 ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ ní kí wọ́n pín ẹrù sórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì yí wáyà padà. Bí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ transfọ́mà bá ń ka 185 ní gbogbo ìgbà, fídà ni ẹjọ́ wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó transfọ́mà tuntun lọ́wọ́ yín.